Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ ṣe ìwádìí lórí ọ̀dọ́ LGBTQ ní Òṣogbo

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Social worker ni mí ní ilé ìwòsàn kan níbí. Àwọn ọ̀dọ́ tó ní ìdààmú ọkàn ni mò ń tọ́jú, LGBTQ sì ni àwọn kan nínú wọn, ìyẹn àwọn tó ń fẹ́ ọkùnrin bíi tiwọn tàbí obìnrin bíi tiwọn, àtàwọn tí kò ka ara wọn sí ọkùnrin tàbí obìnrin tí wọ́n bí wọn. Òbí ti lé òmíràn jáde nílé. Síbẹ̀, wàá rí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ lọ́sàn-án, tó tún ń san owó ilé ìwé àbúrò rẹ̀. Kí ló ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ró? Ohun tí mo fẹ́ fi másítà mi wádìí nìyẹn.

Ẹ̀rù òfin ọdún 2014 tó ka ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin léèwọ̀ ní Nàìjíríà ń bà mí nítorí tiwọn. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni ti ẹni tó bá dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ wọn. Mi ò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, mi ò sì ní gba ohùn wọn sílẹ̀.

Àmọ́ àwọn tí kò tíì pé ọdún 18 ńkọ́? Òbí ló yẹ kó fọwọ́ sí i kí wọ́n tó kópa nínú ìwádìí, òbí yìí kan náà ló sì lé wọn. Ṣé kí n fi wọ́n sílẹ̀ ni? Ó dùn mí, torí àwọn gan-an ni ọ̀rọ̀ kàn jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba irú ọ̀nà yìí rí, ẹ dákun, báwo lẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ìwádìí?