Ìbéèrè: Báwo ni yíyí ọkọ̀ padà ṣe gba ẹ̀mí là nínú ọkọ̀ agbépo Dixie Arrow?

Ará Raleigh béèrè pé:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo kó àwọn ọmọ lọ sí Cape Hatteras, ní etíkun North Carolina, nítorí pé ilé ìwé ti gba ìsinmi. Apẹja kan tó ń fi ọkọ̀ kó àlejò kiri níbẹ̀ nawọ́ sí ojú òkun, ó ní ọkọ̀ agbépo kan tí ń jẹ́ Dixie Arrow wà ní ìsàlẹ̀ omi lọ́hùn-ún, àti pé ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Jámánì ló rì í ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 1942. Ó sọ fún wa pé àtukọ̀ kan tí ń jẹ́ Oscar Chappell yí ọkọ̀ náà padà nígbà tí iná ti gbà á, pé yíyí yẹn ló jẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ọ̀nà yè, tí òun fúnra rẹ̀ sì jóná.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, ọmọ mi obìnrin bi mí nínú mọ́tò pé bí ọkọ̀ bá ti ń jó, kí ni yíyí i sí ọ̀tún tàbí sí òsì fẹ́ ṣe fún un. N kò rí èsì fọ̀ fún un. Èmi náà sì ní ìbéèrè tèmi: láti oṣù Kejìlá ọdún 1941 ni Amẹ́ríkà ti wọ Ogun Àgbáyé Kejì, báwo ni ọkọ̀ tó kún fún epo ṣe wá ń dá rìn ní etíkun Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, láìsí ọkọ̀ ogun kan tó ń ṣọ́ ọ?

Àgbà Atukọ̀ fèsì pé:

Ẹ kú ìrìn àjò o, ẹ bá mi kí ọmọ náà dáadáa, nítorí ìbéèrè rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣiṣẹ́ inú ọkọ̀ agbépo máa kọ́kọ́ bi ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà kí n tó fẹ̀yìn tì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya àwòrán ọkọ̀ náà fún un yín. Láyé ìgbà yẹn, ìdí ọkọ̀ ni wọ́n máa ń gbé ẹ́ńjìnnì àti ihò èéfín sí, ibẹ̀ náà sì ni àwọn òṣìṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ń sùn. Ní agbedeméjì ni wọ́n kọ́ ilé mìíràn sí, níbi tí ọ̀gá ọkọ̀ àti àwọn igbákejì rẹ̀ ń gbé, tí ẹni tó ń tukọ̀ sì ń dúró sí lókè rẹ̀. Orí àgbá epo gan-an ni ilé àárín yìí jókòó lé, epo wà níwájú rẹ̀, epo wà lẹ́yìn rẹ̀. Afárá irin tóóró kan ló so ilé kan mọ́ èkejì, wọ́n sì gbé e ga, nítorí pé bí ọkọ̀ bá ti rù tán, yóò rì wọlé tó bẹ́ẹ̀ tí ìgbì òkun á máa gba orí rẹ̀ kọjá. Mo ti dúró lórí irú afárá bẹ́ẹ̀ lóru rí, tí mo di irin mú lọ́wọ́ méjèèjì, tí omi ń ṣàn lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Nǹkan bí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni ọkọ̀ abẹ́ omi U-71 yìnbọn abẹ́ omi lu Dixie Arrow. Mẹ́ta ló bà á, ilé àárín yẹn ló sì kọ́kọ́ fara gbá a. Ọ̀gá ọkọ̀ náà wà lára àwọn tó kú. Ẹgbàá méjìdínláàádọ́ta àgbá epo rọ̀bì, èyíinì ni 96,000, ló wà nínú ọkọ̀ náà, tí wọ́n ń gbé láti Texas City lọ sí Paulsboro ní New Jersey. Ẹ fojú inú wo iná tí ìyẹn á dá.

Àwọn kan há sí iwájú ọkọ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gbé ọwọ́ iná bọ̀ wá bá wọn. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé kó rántí bí a ṣe máa ń dáná igi lẹ́yìnkùlé: bí èéfín bá ń bá ènìyàn jà, ṣe ni yóò ṣí ìdí kúrò níbẹ̀, kó lọ jókòó sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá. Àwọn wọ̀nyí kò ní ibi tí wọn yóò ṣí lọ, òkun ló yí wọn ká. Chappell ló bá wọn ṣí ìjókòó. Ó yí ọkọ̀ sí ọ̀tún pátápátá títí orí ọkọ̀ fi kọjú sí afẹ́fẹ́, iná náà sì pa dà sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ibo ni ẹ̀yìn wọn? Ilé àárín ni, níbi tí òun tó ń tukọ̀ dúró sí.

Ènìyàn 33 ló wà nínú ọkọ̀ náà. Mọ́kànlá kú, ọkọ̀ ogun Tarbell sì kó àwọn 22 tó kù. Ìjọba Amẹ́ríkà fún Chappell ní àmì ẹ̀yẹ lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ọkọ̀ kan.

Ọmọ Ìtàn fèsì pé:

Àgbà ti dáhùn ti ọmọ, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú ti bàbá. Ọdún 1921 ni wọ́n kan Dixie Arrow ní Camden, New Jersey, gígùn rẹ̀ sì tó ẹsẹ̀ bàtà 468. Ilé iṣẹ́ Standard Oil ti New York ló ni ín, èyí tó di Socony-Vacuum ní 1931, tó sì wá di Mobil tí gbogbo wa mọ̀ nílé. Wọ́n kan àwọn ọkọ̀ ìdílé Arrow láti máa gbé epo lọ sí Ìlà-Oòrùn Éṣíà, nítorí pé ilé iṣẹ́ náà ń ta kẹrosíìnì rẹpẹtẹ ní Ṣáínà, ó sì ń kó fìtílà olówó pọ́ọ́kú fún àwọn ará ibẹ̀ kí wọ́n lè máa ra epo tí wọn yóò rọ sínú rẹ̀. (Ọgbọ́n àwọn oníṣòwò kò yàtọ̀ láti ayébáyé.) Nígbà tí ogun yóò fi dé, ọ̀nà Texas sí ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ni ọkọ̀ náà ń rìn.

Ní ti ìdí tó fi ń dá rìn, mo gbà pé àìmúrasílẹ̀ ló pa wọ́n ju epo tí wọ́n rù lọ. Láti oṣù Kìíní ọdún 1942 ni àwọn ará Jámánì ti ń rán ọkọ̀ abẹ́ omi wá sí etíkun yẹn. Àwọn ìlú etíkun kò tètè pa iná wọn, débi pé bí ọkọ̀ bá ń kọjá lóru, òjìji rẹ̀ máa ń hàn dúdú níwájú ìmọ́lẹ̀ ìlú, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá tí wọ́n tan iná sí. Ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tó lè ṣọ́ wọn kò tó nǹkan, Ọ̀gágun Ernest King tó jẹ́ olórí ọmọ ogun ojú omi sì gbà pé ọ̀wọ́ ọkọ̀ tí kò ní aṣọ́nà tó pọ̀ tó burú ju kí kálukú máa dá lọ. Oṣù Karùn-ún ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọkọ̀ jọ rìn ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Kó tó dìgbà náà, ọkọ̀ U-103 ti rì méjì nínú àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò Dixie Arrow láàárín ọjọ́ méjì: India Arrow ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì, China Arrow ní ọjọ́ kejì rẹ̀. Àwọn tó ni ọkọ̀ ti rí i, wọ́n sì tún ń rán wọn jáde, nítorí pé ojú omi ni èyí tó pọ̀ jù nínú epo ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ń gbà.

Hatteras tún wá burú ju ibòmíràn lọ. Òkìtì iyanrìn Diamond Shoals na jáde sínú òkun, gbogbo ọkọ̀ ló gbọ́dọ̀ yà fún un, omi jíjìn sì súnmọ́ ilẹ̀ níbẹ̀, ibi ìlúgọ tó dára fún ọkọ̀ abẹ́ omi. Òfò yìí ló mú kí ìjọba ri páìpù ńlá sábẹ́ ilẹ̀ láti Texas lọ sí ìlà-oòrùn, èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ínǹṣì 24, tí wọ́n sì parí ní 1943.

Awòmi fèsì pé:

Ẹ kú ọgbọ́n, ẹ̀yin àgbà. Àfikún kékeré ni tèmi: bí ẹ bá rí 8,046 nínú àwọn ìwé nípa ọkọ̀ yìí, ẹ má ṣe rò pé ìwọ̀n bó ṣe wúwo ni. Ìwọ̀n àyè inú ọkọ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pè é. Ibi tí ọkọ̀ náà wà jìn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 90, àwọn òmùwẹ̀ a sì máa lọ wò ó. Ìdí rẹ̀, níbi tí ẹ́ńjìnnì wà, ló ṣì ga jù lórí iyanrìn. Agbedeméjì rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ará Raleigh tún kọ ọ́ pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, Àgbà Atukọ̀ pàápàá, ẹ kú àdúrótì. Mo ka ọ̀rọ̀ iná igi yẹn fún un lálẹ́ àná. Ó gbé ìwé wá, ó ya ọkọ̀ náà, ó fi ọfà ṣe afẹ́fẹ́, ó wá tẹ àmì kékeré kan sí àárín, ó ní kí n bá òun bi yín bóyá ibi tí bọ̀dá náà dúró sí nìyẹn.