Wọ́n ní kí n wá máa bá wọn ta káàdì Whot, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará mi. Igbogbo ní Ìkòròdú ni mo ń gbé, bàbá kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n máa ń ta Whot nílé wọn ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, ó ti pẹ́ gan-an, kí n tó kó débí ni wọ́n ti ń ta á, wọ́n wá ní kí èmi náà máa bọ̀. Inú mi dùn! Àmọ́ òfin wọn ò jọ èyí tí mo mọ̀. Nílé wa, tí wọ́n bá já 2 fún ẹ, tíwọ náà bá ní 2, o lè fi gba ara ẹ sílẹ̀, lọ́dọ̀ tiwọn kò sí nǹkan tó jọ ọ́, wàá mú káàdì méjì ni. 14 ṣì ni jẹ́nẹ́rà mákẹ́ẹ̀tì o, ìyẹn ni pé gbogbo àwọn yòókù á mú káàdì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n èèyàn ò gbọdọ̀ fi 20, ìyẹn káàdì Whot gan-an, parí. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń dá, òun náà ni wọ́n fi ń ra mínírà àti ẹ̀pà, èyí wù mí gan-an.

Ṣé kí n béèrè gbogbo òfin kí wọ́n tó pín káàdì ni, àbí kí n kọ́kọ́ jókòó wòran? Àgbàlagbà ló pọ̀ jù níbẹ̀, ṣé kò burú tí mo bá borí bàbá onílé lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Kí sì ni kí n mú dání? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti bá irú wọn ta rí kó dá mi lóhùn.