Ọkọ̀ ojú omi onígi àtijọ́ ń jẹrà lábẹ́ tapólì

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ kan tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún wà lórí ilẹ̀, tapólì bò ó kanlẹ̀, síbẹ̀ pákó rẹ̀ ń jẹrà láti inú. Ṣé ká da PEG (kẹ́míkà tí igi ń fà mu kó má baà sún kì) sí i bíi ti Vasa, ọkọ̀ ogun àtijọ́ ti Sweden?

Èsì 1: Tapólì yẹn gan-an ló ń pa á. Ọ̀rinrin kò rí ọ̀nà jáde lábẹ́ rẹ̀. Bí omi inú igi bá ti ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, olu lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ẹ gbé tapólì náà sókè bí òrùlé, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Omi òjò burú fún ọkọ̀ ju omi òkun lọ, torí iyọ̀ kì í jẹ́ kí olu gbilẹ̀. Ẹ má fi iná gbẹ ẹ́ o! Pákó á sún kì, á sì là.

Èsì 2: PEG kọ́. Vasa rì ní 1628, wọ́n gbé e jáde ní 1961, omi ló sì kún inú igi rẹ̀. Wọ́n fi ọdún 17 wọ́n PEG sí i kó má baà sún kì. Tiyín ò rì.

Èsì 3: Ẹ wo ìdí ọkọ̀ náà pẹ̀lú. Ẹ to ìtì igi sábẹ́ rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí àárín nìkan bá jókòó lórí igi, iwájú àti ẹ̀yìn á wọ́ sílẹ̀. Ẹ na okùn tín-ín-rín láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ẹ máa wọn àlàfo tó wà láàárín okùn náà àti ọkọ̀ lóṣooṣù, kí ẹ lè mọ̀ bí ọkọ̀ bá ń tẹ̀.