Bàbá ọkọ mi ń pa hítà nítorí owó wa, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n tún ń bọ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Leeds

Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ọkàn mi ò balẹ̀.

Bàbá àti Màmá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ní London láti oṣù kọkànlá. Ìparí oṣù kejì ni wọ́n ń padà s'Ìbàdàn. Lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, wọ́n máa wọ ọkọ̀ ojú irin wá bá wa ní Leeds níbí, wọ́n á sì padà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Inú wa dùn gan-an. Àwọn ìbejì ti pé ọdún mẹ́rin, ojoojúmọ́ ni Táyé ń bi mí pé ṣé ọ̀la ni.

Bó ṣe rí nígbà tí wọ́n wá lọ́dún méjì sẹ́yìn ló ń dà mí láàmú. Oṣù kìíní náà ni. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lórí tábìlì ìdáná wa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mítà ìgbàlódé á mọ̀ ọ́n, èyí tó máa ń kọ iye owó gáàsì àti iná tẹ́ ẹ ti lò láti àárọ̀. Tó bá kéré, á tàn ní àwọ̀ ewé. Tó bá ti pọ̀, á pọ́n. Akọ̀wé owó ni Bàbá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọdún 31 ni wọ́n fi ṣe é. Bí wọ́n ṣe mọ ohun tí ẹ̀rọ yẹn ń sọ báyìí, ojú wọn ò kúrò lára ẹ̀ mọ́. Wọ́n á wá bu omi, wọ́n á wò ó. Wọ́n á ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dé, wọ́n á yà síbẹ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún Màmá láàárọ̀ Sátidé pé, "Pọ́n-ùn mẹ́ta ààbọ̀, aago mẹ́wàá ò sì tíì lù."

Mi ò fura. Lóru ọjọ́ yẹn ni Kẹ́hìndé sunkún, mo dìde, mo gba ẹnu ọ̀nà yàrá wọn kọjá. Ilẹ̀kùn wọn ṣí díẹ̀. Tòun ti kóòtù ni Màmá fi sùn, wọ́n ti fi ìborùn wé orí mọ́ etí. Bàbá wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì léra wọn, wọ́n ká orúnkún mọ́ àyà. Mo fọwọ́ kan hítà yàrá náà, ó tutù bí irin géètì láàárọ̀ ọyẹ́. Wọ́n ti yí i pa. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo bi wọ́n bóyá òtútù mú wọn. "Rárá o, ìyàwó wa, ara wa le."

Ikọ́ ò fi Màmá sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n padà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló wá là á fún wa pé wọ́n gbọ́ nígbà tí èmi àti ọkọ mi ń sọ̀rọ̀ owó gáàsì ní ìdáná lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé. A ò mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́ wa. Ó dùn mí wọ egungun.

Ọkọ mi ní kí n gbé ẹ̀rọ náà pamọ́, ọ̀rọ̀ parí. Èmi rò pé Bàbá á béèrè rẹ̀. Ṣé kí n bá wọn sọ ọ́ lójúkojú ni? Ṣé ẹnu ìyàwó ilé gba irú ẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba òbí ọkọ lálejò nígbà òtútù, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ṣe é?

Bọ̀dá Àkànní, Birmingham

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Ọkọ yín ò jayò pa. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹ tì í sínú dúrọ́ọ̀. Mítà gan-an ò ní dáwọ́ iṣẹ́ dúró nítorí ìyẹn. Àwa ṣe é nígbà tí bàbá mi wá, alẹ́ ọjọ́ kejì ni wọ́n ti bọ́ súwẹ́tà.

Ẹ tan hítà láti ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n tó dé. Ilé tó ti tutù mọ́jú kì í tètè yá, ìgbà tí àgbàlagbà bá sì wọlé tí òtútù pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò ní bọ́ kóòtù mọ́ títí wọ́n á fi lọ.

Ti ọkọ̀ ojú irin ńkọ́? Ẹni tó bá ti pé 60 lè ra káàdì ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Senior Railcard, ìdá kan nínú mẹ́ta ló ń yọ nínú owó ọkọ̀. Ẹ sì bá wọn bẹ àwọn òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á bá wọn gbé ẹrù, wọ́n á mú wọn dé ìjókòó wọn. Ibùdókọ̀ King's Cross fẹ̀ jù fún ẹni tí ò mọ̀nà.

Ṣọlá, Winnipeg

Lọ́dọ̀ wa ní Canada níbí, òtútù a máa lọ sí 30 lábẹ́ òdo, mo sì ti gba ìyá ọkọ mi lálejò lẹ́ẹ̀mejì. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta tó léra wọn sàn ju kóòtù kan tó nípọn lọ. Bàtà ni kẹ́ ẹ mójú tó jù. Bàtà aláwọ tí wọ́n fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì n'Íbàdàn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń dán, orí yìnyín dídì ni wọ́n á ti ṣubú. Ẹ bá wọn ra èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín.

Ẹ má sì tì wọ́n mọ́lé. Ẹ mú wọn jáde lọ́sàn-án nígbà tí oòrùn wà, ìdajì wákàtí ti tó. Àwọn tó mọ̀ pé nǹkan bí aago méje ni ilẹ̀ ń ṣú nílé, tó wá ń ṣú lójú wọn láago mẹ́rin, ọkàn wọn máa ń rẹ̀wẹ̀sì.

Ìyá Fọlákẹ́, Luton

Bó bá jẹ́ owó gáàsì ló ń bà wọ́n nínú jẹ́, ẹ ra sítóòfù oníkẹrosíìnì kékeré sí yàrá wọn. Ohun tí wọ́n mọ̀ nílé náà ni.

Nọ́ọ̀sì Yétúndé, Sheffield

Ìyá Fọlákẹ́, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n mi ò lè dákẹ́ sí ìyẹn. Sítóòfù, eédú, ohunkóhun tó ń jóná nínú yàrá tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa, afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn ló ń tú jáde. Ẹni tó ti sùn ò ní mọ̀ títí ẹ̀mí á fi bọ́. Nílé wa lọ́hùn-ún, atẹ́gùn ń gba ojú fèrèsé àti òrùlé kọjá. Wọ́n dí àwọn ilé tibí pa kí òtútù má bàa wọlé. Ìyá Ìbejì, bí ẹ ò bá ní aago tó ń dún bí afẹ́fẹ́ yẹn bá wà nínú ilé, ẹ ra ọ̀kan kí wọ́n tó dé.

Ó wá kan òtútù fúnra rẹ̀. Ìmọ̀ràn ètò ìlera níbí ni pé kí yàrá ẹni tó ti lé ní ọdún 65 má ṣe tutù ju ìwọ̀n Celsius 18 lọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbádùn. Òtútù máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún, ẹ̀jẹ̀ á sì ru. Bí Bàbá tàbí Màmá bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ rí i pé wọ́n kó èyí tó máa tó wọn wá láti London, kó sì lé díẹ̀, torí yìnyín lè dá ọkọ̀ dúró.

Bí ẹ bá fẹ́ fún wọn ní rọ́bà omi gbígbóná, ẹ má rọ omi tó ń hó sí i, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ sì yọ ọ́ kí wọ́n tó sùn. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan nínú wọn ní àtọ̀gbẹ, ẹ má fi sí ẹsẹ̀ rẹ̀ rárá. Ẹsẹ̀ lè jóná kó má mọ̀.

Bí ara wọn ò bá yá, ẹ pe 111, nọ́ńbà ìmọ̀ràn ètò ìlera. Àlejò kì í sanwó láti rí dókítà àdúgbò ní England, kì í sì í sanwó ìtọ́jú pàjáwìrì lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù. Ìgbà tí wọ́n bá dá wọn dúró sí wọ́ọ̀dù ni owó ńlá ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ yín bóyá wọ́n ní ìwé adójútòfò ìrìn àjò.

Ìyá Àgbà, Peckham

Ìyàwó wa, o kú ìtọ́jú. Ẹni ọdún 71 ni mí, mo sì ti ṣe ohun tí bàbá ọkọ ẹ ṣe yẹn rí. Nílé ọmọ mi ọkùnrin, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wẹ omi tútù nínú oṣù kejìlá, nítorí mo gbọ́ pé owó ni omi gbígbóná.

Kì í ṣe pé a ò gbẹ́kẹ̀ lé yín. Ẹ̀yin ọmọ ò mọ̀ bó ṣe ń rí lára. Ìwọ lo bí i, ìwọ lo tọ́ ọ, ìwọ lo san owó ilé ìwé rẹ̀. O wá dé ilé rẹ̀, kò sí nǹkan kan tó o lè gbé fún un. Oúnjẹ, òun ló ń rà á. Ọkọ̀, òun ló san án. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó o lè fi ràn án lọ́wọ́ ni kó o má jẹ́ kó náwó lé ẹ lórí. Iṣẹ́ bàbá ni bàbá yẹn ń ṣe lóru tó pa hítà.

Nítorí náà, má gbé ẹ̀rọ náà pamọ́. Wọ́n á mọ̀. Kí ọkọ ẹ jókòó tì wọ́n lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Òun ni o, kì í ṣe ìwọ, kó má dà bí ẹjọ́. Kó sọ iye tẹ́ ẹ ti yà sọ́tọ̀ fún hítà títí di ọjọ́ Ajé, kó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá yín ṣọ́ ọ. Akọ̀wé owó ni wọ́n, ẹ gbé ìwé lé wọn lọ́wọ́. Kó fi kún un pé yàrá tí àwọn ọmọ bá wà ò gbọdọ̀ tutù.

Kó o wá jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì sùn lọ́dọ̀ wọn. Mi ò tíì rí bàbá àgbà tó máa pa hítà mọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórí.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Màmá, ẹ ṣeun. Omi bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń kà á, mo sì kà á sétí ọkọ mi. Kò fèsì fún ìgbà díẹ̀. Ìbéèrè kan ló kù: bí Bàbá bá ní àwọn fẹ́ fi owó kún un ńkọ́? Ọkọ mi ní òun ò ní gbà.

Ìyá Àgbà, Peckham

Kó gbà á. Ì báà jẹ́ pọ́n-ùn márùn-ún. Kó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kó dọ̀bálẹ̀, kó dúpẹ́.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Ẹ kú alẹ́ o. Wọ́n ti dé London láyọ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè wá ni. Mo ṣèlérí pé mo máa padà wá sọ bó ṣe lọ.

Ọkọ mi sọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn àmàlà. Ọgbọ̀n pọ́n-ùn la yà sọ́tọ̀. Bàbá ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ní kí n fún àwọn ní bírò. Wọ́n fa ìlà mẹ́ta sórí ìwé, wọ́n kọ ọjọ́, wọ́n kọ iye tí wọ́n bá lórí ẹ̀rọ, wọ́n kọ ìyókù. Àárọ̀ àti alẹ́ ni wọ́n ń kọ ọ́, wọn ò sì yẹ̀ ẹ́ wò láàárín méjì mọ́. Wọ́n mú pọ́n-ùn mẹ́wàá wá láàárọ̀ Sátidé. Ọkọ mi ti la ẹnu láti kọ̀, mo wò ó, ó dọ̀bálẹ̀.

Ọ̀dọ̀ wọn ni Kẹ́hìndé sùn lóru mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Táyé ní wọn ò lè yan òun jẹ, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ṣe kó lọ lóru kejì. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo bá Màmá nínú yàrá, ìró nìkan ni wọ́n ró mọ́ àyà. Òrí tí wọ́n gbé wá láti Ìbàdàn ti le bí òkúta, wọ́n gbé ike rẹ̀ lé orí hítà kó lè yọ́, wọ́n sì ń fi pa àwọn ìbejì lẹ́sẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo fi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

Bàbá fi ìwé náà sílẹ̀ lórí tábìlì ìdáná láàárọ̀ yìí. Wọ́n fa ìlà méjì sábẹ́ ìṣirò, wọ́n wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ìyókù £18.40. Ẹ tọ́jú rẹ̀ di oṣù kejì, kí a tó padà sílé."