Celica GT-S mánúà: báwo ló ṣe lè tètè dé 100?

ỌmọTánkẹ̀
Àsàláàmù àlékúmù, ẹ̀yin àgbà ọlọ́kọ̀. Celica GT-S 2001 ni tèmi, tòkunbọ̀, ẹ́ńjìnnì 2ZZ, jíà mẹ́fà. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní ọgbà ilé-iṣẹ́ lọ́nà Gánmọ, ọ̀nà ọ̀dà inú rẹ̀ gùn, kì í sì í sẹ́nì kankan níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ibẹ̀ ni mo ti ń fi áàpù GPS orí fóònù ka àkókò. Láti ìdúró dé 100 kìlómítà ní wákàtí, ìṣẹ́jú àáyá 9 àti díẹ̀ ni mò ń rí, bẹ́ẹ̀ 7 ni gbogbo ayé ń pariwo fún ọkọ̀ yìí. Mo máa ń gbé RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) lọ sí 4500, màá tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ gbàgà, táyà á ké, tó bá dé 7000 màá yí jíà. Ọmọkùnrin kan tó ń ta páàtì ní kí n ra íńtéèkì (tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa afẹ́fẹ́), sàléńsà gbàǹgbà àti chip (tó ń yí ètò kọ̀ǹpútà ọkọ̀ padà). Owó tó pè é tó fẹ́yàwó. Ṣé kí n rà wọ́n?

AlájìẸ́ńjìnnì
Wàálékúmù sàlámù. Fi owó rẹ sápò ná, ọmọ.

7000 lo ti ń yí jíà? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ẹ́ńjìnnì tí Toyota àti Yamaha jọ ṣe yìí ní kámù (irin tó ń yí láti ṣí fáàfù) oríṣi méjì. Èyí kékeré ló ń ṣí fáàfù títí dé nǹkan bí 6200, lẹ́yìn náà ni ọ́ìlì á ti píìnì kan wọlé lábẹ́ rọ́kà (apá irin tó ń tẹ fáàfù), kámù ńlá á wá gbaṣẹ́. Tí kò bá tíì dé 6200, Corolla lò ń wà, má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ẹ́. Jíà kìíní rẹ jẹ́ 3.166, ìkejì 2.050. Tó o bá yí i ní 7000, á já wálẹ̀ sí nǹkan bí 4500, á tún ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wọ́ ara rẹ̀ gòkè. Yí i ní 7800, 5000 àti díẹ̀ ló máa já sí, ọ̀nà á ti kúrú. Kò dùn létí, mo mọ̀. Tí ọ́ìlì bá pé, ẹ́ńjìnnì yẹn lè gbà á.

Ṣùgbọ́n jẹ́ n bi ẹ́: tó bá kọjá 6200, ṣé ohùn rẹ̀ ń yí padà? Ṣé ó ń tì ẹ́ mọ́ àga? Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, bóòtì tó di ọ̀pá rọ́kà mú ni kó o fura sí. Lára àwọn tó kọ́kọ́ jáde wọ̀nyí, bóòtì yẹn máa ń jẹ, á sì kán. Toyota fúnra wọn ló yí i padà lẹ́yìn náà. A ṣí orí ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Gàá Àkànbí. Bóòtì ti gé sí méjì, apá kan wà nínú ọ́ìlì, ìyókù há sínú ihò, ibi tó ti jẹ ń dán bí ẹni fi fáìlì ha á. Ẹni tó ni ín ti ra sàléńsà kó tó gbé e wá. Wo géèjì ọ́ìlì náà. Tí ọ́ìlì bá kéré, tàbí tí ẹ́ńjìnnì ò tíì gbóná, kámù ńlá ò ní dìde.

Ti epo: kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n rẹ̀ (bó ṣe ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀) jẹ́ 11.5 sí 1, epo tó dára ju ti ilé-epo wa lọ ló ń fẹ́. Tí ooru bá tún mú, knock sensor (ẹ̀rọ tó ń gbọ́ bí epo bá ń bú lọ́nà tí kò yẹ) á fa táímíǹgì (àsìkò tí iná ń ṣá) sẹ́yìn, agbára á dín. Má dán an wò lọ́sàn-án oṣù kẹta ní Ìlọrin. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni kó o lọ, kó o sì sá a lọ, sá a bọ̀, torí ọ̀nà ọ̀dà yẹn lè dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ láì hàn sójú.

ÀńtíỌ̀fà
Alájì ti sọ ti orí, ẹ jẹ́ n sọ ti ẹsẹ̀. Táyà iwájú ló ń fa ọkọ̀ yìí. Tó o bá tú kílọ́ọ̀ṣì gbàgà ní 4500, ìwúwo á sá lọ sẹ́yìn, iwájú á fúyẹ́, táyà á máa yí lójú kan. Bẹ̀rẹ̀ ní 3000. Gbé kílọ́ọ̀ṣì dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú, dá ẹsẹ̀ dúró níbẹ̀ díẹ̀, kó o wá máa gbé e tán bí ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣe ń tẹ tọ́tù. Táyà lè ké díẹ̀, kó má ṣáà pariwo. Tó o bá ti ń gbóòórùn kílọ́ọ̀ṣì, jẹ́ kó sinmi.

Bùfà (ẹ̀rọ orin ńlá) inú bùútù ńkọ́? Mo mọ ẹ̀yin ọmọ Tánkẹ̀. Yọ ọ́.

Kékeré_Ajáṣẹ́
Mo gbọ́ pé àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù rárá tí wọ́n bá ń yí jíà. Kó gbìyànjú ẹ̀.

AlájìẸ́ńjìnnì
Kékeré, ṣé ìwọ lo máa sanwó ẹ́ńjìnnì? Nínú ìkánjú yẹn ni ọwọ́ ti ń ṣìnà: ẹni tó ń lọ sí ìkẹta á sọ ọ́ padà sí kìíní. Táyà á fipá yí ẹ́ńjìnnì kọjá ibi tí kọ̀ǹpútà lè dá a dúró, fáàfù á kan písítìn, ọ́ìlì pọ́ǹpù 2ZZ náà sì máa ń fọ́ nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. ỌmọTánkẹ̀, má fún ọ̀pá jíà mọ́wọ́. Láti ìkejì, fi àtẹ́lẹwọ́ tì í síwájú, sípíríǹgì inú rẹ̀ á gbé e bọ́ sí àárín fúnra rẹ̀.

ỌmọTánkẹ̀
Ẹ ṣeun, Alájì. Àńtí, mo ti yọ bùfà, ẹ ò purọ́ mọ́ mi. Pẹ̀lú 3000 àti 7800, ó ti wálẹ̀ sí 8 àti díẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò yí padà ní 6200 o, bákan náà ló ń dún lọ. Nǹkan kan tún ni pé jíà kejì máa ń tán kí n tó dé 100, àfi kí n wọ ìkẹta.

AlájìẸ́ńjìnnì
Bóòtì nìyẹn, ó kù díẹ̀ kí n búra. Ti ìkẹta, àwọn ará Amẹ́ríkà tí ò ń gbọ́ 7 lẹ́nu wọn, 60 máìlì ni wọ́n ń wọ̀n, ìyẹn 96.5 ní kìlómítà. Jíà kejì rẹ ní 7800 ń dé nǹkan bí 97. Wọn ò dé ìkẹta rárá! Àwọn ìwé ìròyìn ọkọ̀ wọn tún máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ kọ́kọ́ rìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan kí aago tó bẹ̀rẹ̀. Yí áàpù rẹ sí 60 máìlì kó o tó fi ara rẹ wé wọn.

Ra bóòtì ọ̀pá rọ́kà tuntun méjì àti gáskẹ́ẹ̀tì rọ́kà kọ́bà, kó o gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé. Tètè dé o, torí ó gbọ́dọ̀ tutù kí n tó ṣí i, ẹlòmíì sì ti gba ọ̀sán.