Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí kọ́rì ẹran ewúrẹ́ ti Jàmáíkà

Ẹ̀yin alásè, mo kí yín. Mo po kọ́rì, ata rodo, aáyù, táìmù, àlùbọ́sà eléwé àti pimento (èso gbígbẹ olóòórùn dídùn tí wọ́n tún ń pè ní allspice) mọ́ ẹran ewúrẹ́ eléegun kìlógíráàmù 2, mo sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Àwọn ará Jàmáíkà, tí àwọn òṣìṣẹ́ ará Íńdíà tó ń dé ibẹ̀ láti ọdún 1845 mú kọ́rì wá bá, máa ń kọ́kọ́ din kọ́rì díẹ̀ nínú òróró gbígbóná kí wọ́n tó da ẹran sí i. Ibẹ̀ gan-an ni tèmi ti bàjẹ́, nítorí kọ́rì náà jóná, ọbẹ̀ sì korò. Ṣé kí n fi omi díẹ̀ po ó kí n tó dà á sínú òróró ni, àbí iná ni kí n dín kù? Lẹ́yìn wákàtí 2, ẹran náà ṣì le. Ìgbà wo gan-an ló yẹ kí n fi pòtétò sí i tí kò fi ní yọ́ dànù?