Ẹ̀yin tí ẹ ka másítà ìlera gbogbogbò ní Òkè Ọya, kí ni ojú yín rí?

Ọmọ Ìkàrẹ́, Gwagwalada

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Láàbù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Gwagwalada níbí. Epidemiology, ẹ̀kọ́ nípa bí àìsàn ṣe ń tàn láàárín àwọn èèyàn àti ohun tó ń fà á, ló wù mí láti fi ṣe másítà. Àwọn kan ní kí n gba Zaria lọ, àwọn kan ní kí n kúkú padà sílé, kí n lọ sí Ìbàdàn. Mo ti ka ohun tí àwọn ilé ìwé kọ nípa ara wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín. Báwo ni iṣẹ́ ìwádìí láàárín ìlú ṣe rí, pàápàá fún ọmọ Yorùbá? Kí ni ẹ bá pàdé tí ẹ ò lè gbàgbé? Ẹ má fi ṣókí o, mo ní àyè láti kà á.

Ìyá Tèmítọ́pẹ́, Kubwa

Àbúrò mi, o káre. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọ̀fà ni ilé bàbá mi, ṣùgbọ́n Kàdúná ni wọ́n bí mi sí. Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ni mo ti gba MPH, ìyẹn másítà ìlera gbogbogbò.

Ti kíláàsì kò pẹ́ sọ. Ìṣirò ni yóò kọ́kọ́ yọjú sí ọ, biostatistics ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn náà ni epidemiology fúnra rẹ̀, ìlera àyíká, ètò ìlera ìjọba, àti bí a ṣe ń gbé ìwádìí kalẹ̀. Wọn yóò sọ ìtàn John Snow fún ọ, dókítà tó wá ìdí kọ́lẹ́rà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1854, tó ń béèrè láti ilé dé ilé ibi tí àwọn tó kú ti ń pọn omi, títí ó fi bá ẹ̀rọ omi kan ní Broad Street. Mo fẹ́ràn ìtàn náà, ṣùgbọ́n ti Zamfara ló wọ̀ mí lára.

Ní oṣù kẹta 2010 ni àwọn dókítà MSF, ẹgbẹ́ oníṣègùn aláàánú láti òkè òkun, ta ìjọba lólobó pé àwọn ọmọdé ń kú ní àwọn abúlé kan níbẹ̀. Gìrì ló ń mú wọn. Ibà ni ọ̀pọ̀ èèyàn pè é, oògùn ibà kò sì ràn án. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà wò, òjé ló kún inú rẹ̀. Wúrà ni àwọn ará ibẹ̀ ń wà. Òkúta tí wúrà wà nínú rẹ̀ ní òjé púpọ̀, inú àgbàlá ilé ni wọ́n sì ti ń fọ́ ọ tí wọ́n ń lọ̀ ọ́. Eruku rẹ̀ bo ilẹ̀ tí ọmọ ń rá, ó bo ẹní, ó wọ inú oúnjẹ. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, àwọn olùwádìí lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Dareta àti Yargalma. Nínú ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, bí ọ̀kan ti kú láàárín ọdún kan péré. Wọ́n ní ọmọ tó kú ní àgbègbè náà lé ní 400.

Olùkọ́ wa wá bi wá pé: ta ló ń lọ òkúta náà? Ìbéèrè yẹn ni mi ò gbàgbé. Àwọn ọkùnrin ló ń wà á, ṣùgbọ́n nígbà tó bá ti dé ilé, apá kan iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin. Ọkùnrin tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń bi baálé ní ìbéèrè, kò lè rí àgbàlá yẹn láé.

Nígbà tó kan àwa náà láti jáde, abúlé kan lẹ́yìn Zaria ni wọ́n pín ẹgbẹ́ wa sí. Ikú ọmọdé àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ni à ń béèrè. A kọ́kọ́ lọ kí mai unguwa, ìyẹn olórí àdúgbò, ó sì fún wa ní ẹni tí yóò mú wa kiri. Àwọn ọkùnrin inú ẹgbẹ́ wa kò kọjá zaure, yàrá àbáwọlé tí baálé ti ń gbàlejò. Ilé tí obìnrin bá ti wà ní kulle, ìyẹn ẹ̀há, ọkùnrin àjèjì kì í wọ inú rẹ̀. Àwa obìnrin ló ń wọlé.

Baálé á jókòó ní zaure, á ní ọmọ òun márùn-ún ni, gbogbo wọn ló ti gba abẹ́rẹ́, ara gbogbo wọn ló le. Kò purọ́, ohun tó mọ̀ nìyẹn. Èmi á wọlé, màá jókòó sórí ẹní pẹ̀lú wọn, a ó kí ara wa dáadáa, nítorí pé ìkíni Hausa kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kán lójú. Tó bá yá, ìyá ilé á fa káàdì àjẹsára yọ lábẹ́ ibùsùn, a ó sì rí i pé èyí tí wọ́n fún ọmọ nígbà tí wọ́n bí i nìkan ló wà lórí rẹ̀.

Ìyàwó kékeré kan ń ka ọmọ rẹ̀ fún mi, ọmọ kejì ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ìyálé rẹ̀ ló fi ojú sọ̀rọ̀ sí mi, ó tọ́ka sí ọmọkùnrin kan tó ń ṣeré lẹ́bàá kànga. Àkọ́bí obìnrin náà ni. Àwọn Hausa ní ohun tí wọ́n ń pè ní kunya, ìtìjú tó jẹ́ ọ̀wọ̀ ni: ìyá kì í dárúkọ àkọ́bí rẹ̀, ọ̀pọ̀ kì í tilẹ̀ fi hàn lójú àlejò pé tòun ni. Ẹni tí kò mọ èyí á kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀, á dìde, á lọ sí ilé kejì.

Èyí tó tún le ni ti ọmọ tó kú kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ ní ọjọ́ keje. Bí o bá bi ìyá rẹ̀ pé ọmọ mélòó lo bí, ó ṣeé ṣe kó má mẹ́nu kàn án rárá. Ó ní bí a ṣe ń béèrè é. Oyún mélòó ló dé oṣù ìbí? Èwo ló ké nígbà tó jáde? Èwo ni kò pẹ́? O ó fara balẹ̀, o ò ní kọjú sí ìwé rẹ nígbà tí obìnrin bá ń dáhùn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwa Yorùbá náà ṣáà ń sọ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé ti Hausa nìkan ló le báyìí. Lọ ṣe irú ìwádìí yẹn ní abúlé kan létí Ọ̀fà, wàá rí i.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé gbogbo ìṣirò tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì, orí ìdáhùn obìnrin yìí ló dúró lé. Iye ọmọ tó kú kí ó tó pé ọdún kan, nínú 1,000 tí wọ́n bí láàyè. Bí òkú ọmọ ọjọ́ mẹ́ta bá sọnù nínú ìwé, iye tí yóò jáde á dára lójú, abúlé yẹn á jọ ibi tí ara ti ń dẹ wọ́n, wọn á sì gbé nọ́ọ̀sì àti oògùn lọ síbòmíràn. Ó ń dùn mí títí dòní bí mo bá rí ìròyìn tí wọ́n fi ọjọ́ kan péré kó jọ.

Ọmọ Ìlọrin, Sabon Gari, Kano

Ìyá Tèmítọ́pẹ́, ẹ ṣeun gan-an. Àgbàlagbà náà ń sọnù nínú ìwé bẹ́ẹ̀.

Yunifásítì Bayero níbí ni mo ti kàwé. Ẹ rántí oṣù kẹrin 2020, nígbà Kòrónà. Àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ òkú ní Kano ló kọ́kọ́ pariwo pé òkú ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá kú sílé, wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á kírun sí i lára, wọ́n á sin ín lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tí yóò rántí lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì kankan. Àwọn kan ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, àwọn kan ní àtọ̀gbẹ ni, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kò gba aláìsàn mọ́. Ìjọba àpapọ̀ rán ìgbìmọ̀ wá. Ní oṣù kẹfà, mínísítà ìlera ìgbà náà, Dókítà Osagie Ehanire, kéde pé òkú 979 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́jọ láàárín ìgboro, pé Kòrónà lè jẹ́ ìdí ikú ìdajì wọn sí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Àwọn tó kú sílé nínú wọn lé ní ìdajì.

Báwo ni èèyàn ṣe ń mọ ohun tó pa ẹni tó ti wà nínú ilẹ̀? Verbal autopsy ni wọ́n ń pè é. Wàá jókòó ti ará ilé olóògbé, wàá bi wọ́n bí àìsàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ mélòó ló fi mí gúlegúle, ṣé ó ń wúkọ́, ṣé ara rẹ̀ gbóná, dókítà méjì á sì ka ohun tí o kọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Òun ni mo fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi, láàárín àwọn Yorùbá tó wà ní Sabon Gari.

Mi ò kì í mú ìwé jáde kí n tó kí wọn kú àṣẹ̀yìndè. Alhaja kan sọ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń mí ní alẹ́ tó kẹ́yìn. Ó sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fi jáde kúrò ní pálọ̀. Mo pa ìwé dé. A kò ṣe ìbéèrè kankan mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí mo padà lọ, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n jókòó, ó ní kò sí ẹni tó tíì bi òun léèrè bí ọkọ òun ṣe kú láti ọjọ́ náà. Àbúrò, bí o bá ń bọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí, mọ̀ pé irú nǹkan báyìí wà nínú rẹ̀, kò sì sí ìwé tó ń kọ́ni bí a ṣe ń gbé e.

Dókítà Ẹran, Suleja

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹranko, nítorí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé àwa náà wà nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní NFELTP, tó ń kọ́ni ní epidemiology àti iṣẹ́ láàbù lẹ́nu iṣẹ́ gan-an, ó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, Yunifásítì Ahmadu Bello àti ti Ìbàdàn ni wọ́n jọ gbé e dìde pẹ̀lú ìjọba àpapọ̀ àti CDC, àjọ tó ń gbógun ti àìsàn ní Amẹ́ríkà. Dókítà èèyàn, dókítà ẹran àti òṣìṣẹ́ láàbù ló ń kàwé pọ̀. Ọdún méjì ni, ìdá kan nínú mẹ́rin péré ni kíláàsì, ìta ni ìyókù. Ìwọ tí o wà ní láàbù, ara rẹ á mọ́lé níbẹ̀.

Ní oṣù keje 2023, anthrax yọ nínú oko ẹran kan ní Suleja níbí. Èèyàn lè kó o lára awọ, lára ẹran, nínú eruku pàápàá, ó sì lè sápamọ́ sínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹran tó bá kú lójijì tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú àti nídìí rẹ̀, ẹ má dú u, ẹ má bó o. Ṣùgbọ́n ẹ bi alápatà bóyá ó ti rí òkúǹbete rí, á ní rárá. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́, wọ́n á ti ọjà òun pa. Nígbà tí àìsàn adìẹ H5N1 kọ́kọ́ wọ Áfíríkà ní oṣù kejì 2006, Kàdúná ni wọ́n ti rí i, ìjọba sì san owó gbà-má-bínú fún àwọn tí wọ́n pa adìẹ wọn. Èmi gbà pé níbi tí owó yẹn bá wà, ẹnu á yá láti sọ òótọ́. Ó wù mí kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn Fúlàní darandaran.

Bàbá Ìbejì, Lugbe

Ẹ kú àlàyé. Ti owó àti àkókò ni tèmi. Iṣẹ́ ni mo ń ṣe lọ tí mo fi ń kà á, ilé ìwé tí mo lọ kò ní sí lẹ́nu mi. Kíláàsì parí lásìkò. Iṣẹ́ àṣekágbá ló jókòó sórí tábìlì alábòójútó mi títí ìyanṣẹ́lódì ASUU 2022 fi bá a níbẹ̀, oṣù mẹ́jọ gbáko ni ìyẹn nìkan gbà. Kí o tó yan ilé ìwé, wá àwọn tó jáde níbẹ̀ láìpẹ́ yìí, bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí ní tòótọ́. Má sì fi ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ ethics jáfara, àwọn tó ń yẹ ìwádìí wò kó má bàa pa ẹnikẹ́ni lára. Láìsí i, o ò lè bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè, ó sì máa ń pẹ́.

Ọmọ Ìkàrẹ́, Gwagwalada

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, mo ka ti Alhaja yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Tèmítọ́pẹ́, ọkùnrin ni mí. Ṣé zaure náà ni èmi á máa dúró sí nìyẹn?

Ìyá Tèmítọ́pẹ́, Kubwa

Zaure náà ni, àbúrò mi, iṣẹ́ sì wà níbẹ̀. Baálé ló mọ owó tó ń wọlé, ibi tí wọ́n ti ń pọn omi, ẹni tó rìnrìn àjò dé kí àìsàn tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí o bá ń kọ ètò ìwádìí rẹ, fi owó àwọn obìnrin tí yóò wọlé sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o sì mú àwọn tó jẹ́ ọmọ àdúgbò náà. Màmá àgbà kan tó ti ń gbẹ̀bí níbẹ̀ dára ju akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó ti Abuja lọ.

Kí o tó sanwó fọ́ọ̀mù, lọ sí ẹ̀ka ìlera ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Gwagwalada, kí o béèrè DSNO. Òun ni wọ́n ń fi tó létí bí ẹnì kan bá ní yírunyírun, kọ́lẹ́rà tàbí ibà Lassa, ó sì ní láti wà ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀. Bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí o máa tẹ̀lé òun ní ọjọ́ tí o kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́. Oṣù ọ̀gbẹlẹ̀ ló dára jù, nígbà náà ni yírunyírun máa ń gbilẹ̀. Bí o bá tẹ̀lé e lọ sí abúlé Gbagyi kan tàbí méjì tí iṣẹ́ náà ṣì wù ọ́, padà wá bá mi, màá fún ọ ní ìwé tí mo fi kọ́ biostatistics.